Ìgò Ọtí Nílé Ẹni Tí Kì Í Mutí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó lè tó ojú síńkì kíṣìnì wa, èmi nìkan lọ́mọ tó wà ní kíláàsì wa tó mọ gbogbo irú ìgò ọtí tí àwọn ọ̀mùtí ìlú London ń lò. Mo mọ ti jíìnì, mo mọ ti wisikí, mo sì mọ ìgò wáìnì pupa yàtọ̀ sí ti wáìnì funfun. Ẹ má tíì bú àwọn òbí mi o. Wọn kì í mutí nílé wa. Daddy mi tó ń wa bọ́ọ̀sì kì í mu ju ẹlẹ́rìndòdò lọ, ìyẹn gan-an á sì máa mú un gùfẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ti Mummy, bí ẹni tó jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì bá ń rùn fún ọtí, á dìde lọ dúró, ì báà jẹ́ pé láti Woolwich dé Lewisham ni. Ìgò tó ti ṣófo ni àwa ń kó jọ.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Woolwich àti Thamesmead, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó bá ní ilé tàwọn ò rí bẹ́ẹ̀, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ohun tó wà lábẹ́ síńkì nígbà náà. Barnfield Estate la ń gbé, lókè pátápátá. Mummy a máa ṣe ìmọ́tótó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, á sì lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ní ọ̀sán. Ọjọ́ tó bá ti hòtẹ́ẹ̀lì dé, a ti máa ń gbọ́ báàgì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, á máa ró wọnranwọnran bọ̀ wá sókè. Dàpọ̀ àbúrò mi á sọ pé, "Mummy ti ń bọ̀ pẹ̀lú band wọn."

Ti hòtẹ́ẹ̀lì ò tó o. Bí káńsù bá fẹ́ kó pàǹtí, tí àwọn òyìnbó bá gbé ìgò wọn síta, Mummy á dá wa jí, á mú wa gba ọ̀nà Shooters Hill lọ. Ó ní àwọn tó ń gbé lórí òkè ni wọ́n ń mu ọtí tí ìgò rẹ̀ lẹ́wà. A ó máa rìn lẹ́bàá ọ̀nà, òun á máa yẹ ìgò wò bí ẹni ń yan tòmátì. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá sán, kò jẹ́ mú un. Èyí tó bá ní ìdérí tirẹ̀, orin ìyìn ni. Èmi á fi kọ́là kóòtù bojú kí ọmọ kíláàsì mi kan má baà yọjú lójú fèrèsé. Mo rò ó nígbà náà pé kò sí ìtìjú tó ju ìyẹn lọ láyé. Mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ tí ìgò ń ṣe nílé wa pọ̀ ju ti Daddy lọ. Inú ìgò lẹ̀pà yíyan wà, inú ìgò loyin wà, inú ìgò làgbo ibà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀fọn kan ní Woolwich tó lè fún ẹnikẹ́ni ní ibà. Epo pupa tó bá ti Lagos dé nínú kẹ́ẹ̀gì, ìgò jíìnì onígun mẹ́rin ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Bí Mummy bá fẹ́ ṣe mítípáì, ìgò wáìnì ló fi ń yí ìyẹ̀fun. Òróró tí a bá sì fi dín ẹja, ẹ má retí pé yóò dà á nù. Á sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú ìgò tirẹ̀, á dé e pa, ó di ti ẹja ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mummy a máa sọ pé, "Ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má pè é ní ìdọ̀tí."

Èmi àti Dàpọ̀ la ń fọ̀ wọ́n. Ẹ óò da ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò, ẹ óò fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ óò fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀, ẹ óò sì máa gbọ̀n ọ́n títí apá yóò fi ro yín. Ìrẹsì yẹn ni yóò ha gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Bí a bá fọ̀ wọ́n tán, a ó to wọn sílẹ̀, a ó máa fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lẹ́nu, Dàpọ̀ á ṣe Pásítọ̀, èmi á ṣe ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tó bá fọ́ ìgò, orí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ni, apá méjèèjì lókè. Mummy kì í nà wá ní pàṣán, ó ní ìjọba ìlú yìí a máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ojú tó máa ń fi wò wá, ìjọba ò tíì ṣòfin lé e lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé kò sí ẹni tó ń pe òróró ní òróró nílé wa. Àwòrán ara ìgò la fi ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní àwòrán àkùkọ, epo pupa ni. Àgbọ̀nrín, òróró ẹ̀pà ni. Ọkọ̀ ojú omi, òróró tí a ti fi dín ẹja. Adé, òróró àdúrà tí Pásítọ̀ ti gbàdúrà sí, tí Mummy fi ń ra wá lórí lọ́jọ́ ìdánwò. "Lọ bá mi mú Àkùkọ wá." "Ẹ má fọwọ́ kan Adé o." Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì sí wàhálà kankan.

Aládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa ni Auntie Mere. Ará Fiji ni, erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì, tó jìnnà débi pé Daddy yí máàpù sókè sódò kó tó rí i. Ṣọ́jà ni ọkọ rẹ̀, ní bárékè Woolwich. Ẹ fẹ́ mọ bí òun àti Mummy ṣe di ọ̀rẹ́? Lọ́jọ́ kan, nídìí àpótí pàǹtí, àwọn méjèèjì nawọ́ mú ìgò kan náà. Mummy ò fi sílẹ̀. Òun náà ò fi sílẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá rí ọ̀kan, èkejì ò jìnnà.

Ó jọ pé ìyá kan náà ló tọ́ wọn. Auntie Mere náà ń fi ìgò yí ìyẹ̀fun, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní rótì ló fi ń ṣe. Inú ìgò ló ń rẹ ata rẹ̀ sí pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ní ìgò òróró àgbọn kan tó fi òdòdó sínú rẹ̀, òun ló fi ń pa wá lẹ́sẹ̀ títí a ó fi máa dán. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, ìyá àgbà òun a máa rọ kẹrosíìnì sínú ìgò, á ki àkísà bọ ẹnu rẹ̀, ó di àtùpà. Ó ní ní abúlé àwọn, wọ́n a máa ri ìgò mọ́lẹ̀ ní ìdojúdé yí ọgbà òdòdó ká, wọ́n a sì máa rì í yí sàréè ká. Mummy fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi ti sàréè. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ri ìgò ọtí yí tòun ká o, kí àwọn áńgẹ́lì má baà rò pé ilé ọtí làwọn dé, kí wọ́n sì kọjá lọ.

Auntie Mere ló ń wá mú wa nílé ìwé. Kò sí ẹlòmíràn. Daddy wà lórí bọ́ọ̀sì, Mummy wà lọ́dọ̀ àwọn arúgbó rẹ̀. Lẹ́nu géètì ni a ó ti rí i, ó ga, irun rẹ̀ kún bí agboòrùn, gbogbo olùkọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ilé rẹ̀ la ó ti jẹ ẹ̀gẹ́ sísè àti ẹja inú omi àgbọn, a ó sì bá Kọ́nẹ̀lì ṣeré. Kọ́nẹ̀lì ni ológbò wọn. Ọkọ rẹ̀ ò tíì ga lóyè nínú iṣẹ́ ṣọ́jà, ló bá fi oyè ńlá jẹ ológbò, ó ní kóun lè ní ọ̀gá kan tó ń gbọ́ràn sóun lẹ́nu. Kọ́nẹ̀lì ò sì gbọ́ràn sẹ́nikẹ́ni lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nathan Way ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń pààrọ̀ táyà, tó fi jẹ́ pé bí Pásítọ̀ bá ní ká dijú, òórùn rọ́bà ni yóò kọ́kọ́ bá wa gbàdúrà. Mummy mi fẹ́ jẹ díkóníìsì. Ó fẹ́ ẹ gan-an. Ó ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ti se jọ́lọ́ọ̀fù fún wọn, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ẹ̀rín kí àwọn tó ń pẹ́ dé, ọ̀pọ̀ ọdún. Ní gbogbo ibi iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ àbísọ ni ọmọdé fi ń pè é. Ó fẹ́ ibì kan tí wọ́n á ti fi oyè pè é. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ra fìlà funfun rẹ̀ sínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni arábìnrin kan lọ sọ fún Pásítọ̀ pé òun rí i nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú báàgì tó kún fún ìgò wisikí, ní òwúrọ̀ kùtù hàì. Pásítọ̀ rán ìyàwó rẹ̀ sí Mummy pé àwọn ń bọ̀ wá kí wa nílé lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn.

Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì délé, Mummy ò tiẹ̀ bọ́ bàtà. Ó wo selifu kíṣìnì: àkùkọ, àgbọ̀nrín, ọkọ̀ ojú omi, adé, gbogbo àwọn ọlọ́tí ayé tò sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ akọrin. Ló bá ní, "Saturday, a máa bó gbogbo ẹ̀."

Lọ́jọ́ Saturday náà, ìgò ló wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ wa, èyí tó ṣófo àtèyí tó kún. Daddy ò ríbi wẹ̀, òógùn àná ló gbé lọ síbi iṣẹ́. Omi gbígbóná, ọṣẹ, èékánná: a bó ìwé ara wọn títí ìka wa fi hunjọ. Auntie Mere wá bá wa ṣe é. Ó béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó máa ń rìn jẹ́jẹ́ pé ṣé Ọlọ́run ò lè rí i pé kò sí ọtí nínú wọn ni. Mummy dá a lóhùn pé Ọlọ́run rí i, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni ò ríran. Nígbà tí a parí, Auntie Mere, tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, bá wa nu ìgò gbogbo gbẹ, ó sì tò wọ́n sórí selifu láti orí èyí tó ga jù dé orí èyí tó kúrú jù. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Ó dára. Ó mọ́. Mummy mí kanlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wa wá. Wọ́n jókòó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tó ṣe, Pásítọ̀ wú ikọ́.

"Sister, ilé yín neat gan-an. So, àwọn bottle tí wọ́n ń sọ ńkọ́?"

"Àwọn nìyẹn, sir. Epo ni, òróró ni, oyin ni."

Pásítọ̀ dìde lọ wò wọ́n. Ó ṣí ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, epo pupa ni. Ojú rẹ̀ bá túká. "Praise the Lord! The enemy has lied. Ẹ fún mi ní anointing oil yín, ká bless ilé yìí, ká close ilẹ̀kùn mọ́ enemy once and for all."

Mummy dìde pẹ̀lú ayọ̀, ó nawọ́ mú ìgò aláwọ̀ ewé kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Pásítọ̀ ò fi òróró ṣahun lọ́jọ́ náà. Ó fi kun ẹnu ọ̀nà láti òkè dé ilẹ̀. Ó da á sórí Daddy, tí kò ní irun kankan tí yóò dá a dúró. Ó da á sórí Mummy, ó fi kan èmi àti Dàpọ̀ níwájú orí, ó sì fi ìyókù ra orí ara rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára gbogbo wa: ẹja, àlùbọ́sà, àti ata díẹ̀.

Mo la ojú kan. Dàpọ̀ náà ti la ojú kan. Ètè Daddy ń gbọ̀n. Pásítọ̀ gbórí sókè, ó fa imú.

"Hmm! I perceive something! A sweet-smelling savour!"

Mummy la ojú tirẹ̀ méjèèjì, ó wo ìgò, ó wo selifu. Mo rí i pé ó ti mọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí Kọ́nẹ̀lì fi gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó ń lá férémù ilẹ̀kùn wa bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Nígbà tó lá ibi tí ahọ́n rẹ̀ tó tán, ó yíjú sí bàtà Pásítọ̀, níbi tí òróró ti kán sí. Pásítọ̀ fò sórí àga.

"Blood of Jesus! Ta ló ni cat yìí?"

"Ti neighbour wa ni, sir," ni Daddy fi fèsì.

"Neighbour tó ti ibo wá?"

"Fiji, sir. Island kan ni."

"Island! Inú omi! Ẹ ò rí i? Marine spirit! Òróró yìí ló tú u fó!" Pásítọ̀ na ìka sí Mummy láti orí àga. "Sister, láti òní lọ, obìnrin yẹn ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́. Àwọn ọmọ yìí ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ẹ̀. Say a big Amen!"

Àmín kan ṣoṣo ló kù láàárín Mummy àti oyè rẹ̀. Bó bá ṣe é, ó di díkóníìsì, Auntie Mere á sì di àjẹ́ inú omi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ẹnu géètì ilé ìwé ni mo ń rò, èmi àti Dàpọ̀ níbẹ̀, tí gbogbo ọmọ ti lọ tán. Mo wo Mummy. Òróró ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀, kò nù ún.

"Pastor, ẹ má bínú, sir," ló wí. "Ẹja ni."

"What?"

"Òróró tí mo fi dín ẹja ni mo gbé fún yín. Mo ti bó gbogbo label wọn torí yín, mi ò wá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì mọ́. Cat yẹn ò ní spirit kankan, sir. Ebi ló ní. Obìnrin yẹn ló ń bá mi mú àwọn ọmọ mi ní school. Tí ẹ bá ní kí n lé e, ẹ sọ ẹni tó máa lọ mú wọn lọ́la fún mi."

Ìyàwó Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ ní imú, ó bọ́ sẹ́nu, ó wá di pé obìnrin náà ń fi ọwọ́ lu àga, gèlè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. "Pastor mi, ẹ gbóòórùn orí yín! Schnapps bottle lèmi náà fi ń tọ́jú zobo nílé!" Àárín ẹ̀rín yìí ni Auntie Mere yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ológbò rẹ̀ kiri, ó ń tọrọ àforíjì. Ó gbé Kọ́nẹ̀lì mọ́ àyà, ó wo ọkùnrin tó dúró lórí àga, ó kí i pẹ̀lẹ́, ó padà sílé rẹ̀. A gbé ẹja tí a ti dín dè wọ́n wá. Pásítọ̀ ní òun ń gbààwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jẹ tirẹ̀, ó sì jẹ ti Pásítọ̀ mọ́ ọn.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn díkóníìsì tuntun lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, wọn ò ka ti Mummy. Arábìnrin tó lọ ṣòfófó ni wọ́n kà. Mummy pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí a délé, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí omi kó máa dà, kí a má baà gbọ́ ọ. A gbọ́ ọ. Inú bí mi sí Pásítọ̀, inú bí mi sí táyà àti Nathan Way lápapọ̀. Ní Monday, nígbà tí agogo ilé ìwé lù, Auntie Mere wà lẹ́nu géètì.

Wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn nígbà tó yá, àwọn àti Kọ́nẹ̀lì jọ lọ ni. Mummy padà jẹ díkóníìsì lábẹ́ Pásítọ̀ mìíràn, nígbà tí eékún rẹ̀ ti ń dùn ún tí kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn mọ́. Mo bi í nígbà kan bó bá dùn ún pé oyè náà pẹ́. Ó ní ó dun òun wọra. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n oyè ò lè lọ mú ọmọ ní school."

Lóde òní, Thamesmead lèmi náà ń gbé, nínú ilé tuntun tó ní lífìtì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àfi kéèyàn tẹ nọ́ńbà. Ìgò òfìfo ti wá di ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ilé lẹ́ṣọ̀ọ́, Mummy rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí n wá àga fóun. Ọmọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìrẹsì fọ ìgò. Kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì wa, kò sì sí òórùn ẹja láàárín àwa àti ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ti ń fà á jáde kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó dára. Ó mọ́.

Lóṣù tó kọjá, reluwé dá mi dúró láàárín ọ̀nà, agogo tí ilé ìwé ọmọ mi ń parí sì ti lù. Mo pe Mummy lórí fóònù. Ó ní òun ò lè dé ibẹ̀ kíá, pẹ̀lú eékún yìí.

"Ta ni neighbour ẹ?" ló bi mí. "Pè é, kó lọ bá ẹ mú u."

Mo fi ojú inú wo ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ó ní bẹ́ẹ̀lì, ó ní ẹní tí wọ́n ń nu ẹsẹ̀ sí. Mummy ń dúró kí n dárúkọ ẹnì kan, mi ò sì ní orúkọ kankan tí mo lè dá.